Àga Gbígbóná Nínú Ọkọ̀ Tí Kò Bo Orí

Ẹ bá mi kí Dókítà Eyín, Ṣekárími àgbà, ọkùnrin tó ní ìyàwó kan àti ọmọ kan, tó wá lọ ra ọkọ̀ àlòkù oníjòókòó méjì.

Ọkọ̀ náà pupa fòò, ó sì rẹlẹ̀ débi pé bí Dókítà bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, àfi kó kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ kan síta, kó di ilẹ̀kùn mú, kó sinmi díẹ̀, kó tó wá wọ́ ìyókù ara rẹ̀ jáde. Ó ti ń sún mọ́ ẹni ọgọ́ta ọdún. Ṣùgbọ́n òrùlé ọkọ̀ yìí ń ṣí! Bó bá ti tẹ bọ́tìnnì kan báyìí, òrùlé á ká ara rẹ̀ kò, á wọ inú búùtù lọ, gbogbo ayé á sì rí orí Dókítà àti irun tó ṣẹ́kù síbẹ̀.

Irun náà kò pọ̀. Òun fúnra rẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní ilé ìwòsàn rẹ̀. "Irun mi ti ń kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan," á sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó la ẹnu kalẹ̀ níwájú rẹ̀, "ṣùgbọ́n atẹ́gùn kò tíì gbọ́." Ẹni tó la ẹnu kò lè rẹ́rìn-ín, kò sì lè sá. Ìdí nìyẹn tí Dókítà fi fẹ́ràn iṣẹ́ eyín.

Ohun tó mú un yàtọ̀ sí àwọn oníyangàn yòókù ni pé ó mọ̀ pé oníyangàn ni òun. Bó bá ń wo ara rẹ̀ nínú dígí ọkọ̀, á ní, "Ìwọ bàbá yìí, ojú kì í tiẹ̀ tì ọ́?" Á rẹ́rìn-ín, á sì tún yí àdúgbò ká lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí àwọn tó dúró ní ibùdókọ̀ kò wò ó dáadáa nígbà tó kọ́kọ́ kọjá.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òtútù dé. Kùrukùru ń bo òpópónà láràárọ̀, atẹ́gùn ń ta èèyàn létí bí abẹ́rẹ́. Gbogbo ẹni tí orí rẹ̀ pé ti gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀ pa. Ṣùgbọ́n bí Dókítà bá ti òrùlé, ta ló máa rí i? Ó ń lọ láìbo orí, imú rẹ̀ ń ṣomi, ó ń fi ọwọ́ kan juwọ́ sí èèyàn, ó ń fi ìkejì nu imú. Ẹ má bi mí pé ọwọ́ wo ló fi ń wakọ̀.

Èyí tó dùn ún jù ni pé ìyàwó rẹ̀ kò wọ ọkọ̀ náà rí. Oníbúrẹ́dì ni obìnrin yìí. Ilé búrẹ́dì rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà, ó sì ní ọkọ̀ akẹ́rù funfun kan tó fi ń pín búrẹ́dì kiri. Lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ gbé ọkọ̀ pupa dé láìfọ̀rọ̀ lọ̀ ọ́, ó wò ó láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ kú ìnáwó. Níbo ni wọ́n ń kó búrẹ́dì sí nínú eléyìí?" Ó sì padà sídìí ààrò rẹ̀. Láti ìgbà náà, àwọn tí Dókítà kò mọ̀ rí ló ń yìn ín láàárín ìgboro, ẹnì kan ṣoṣo tó fẹ́ kó jókòó ti òun kò sì jókòó.

Bẹ́ẹ̀ ló wà tó fi gbọ́ pé wọ́n lè tẹ́ iná sábẹ́ àga ọkọ̀, kí àga náà máa móoru. Inú rẹ̀ dùn dé gongo. Ó gba ilé búrẹ́dì lọ tààrà.

"Ìyá ìyàwó," ó ní, nítorí pé ìgbéyàwó ọmọ wọn kò jìnnà mọ́, "bí àga ọkọ̀ mi bá ń gbóná, ṣé wàá wọ̀ ọ́?"

Ìyàwó rẹ̀ fa páànù búrẹ́dì kan jáde nínú ààrò. "Dókítà, ẹ wo ibi tí mo dúró sí. Láti àárọ̀ ni mo ti ń yan ara mi pọ̀ mọ́ búrẹ́dì. Ta ló sọ fún yín pé ìdí mi ń wá ooru kiri?"

"Ṣebí òtútù lo máa ń sọ."

"Orí ni òtútù á ti mú èèyàn nínú ọkọ̀ yín. Ẹ̀yin wá ní ẹ fẹ́ dáná sí ìdí."

"Ooru máa ń gòkè."

"Á gòkè lóòótọ́. Á gba ibi tí òrùlé wà tẹ́lẹ̀ jáde, á lọ kí àwọn ẹyẹ. Ẹ kúkú ti òrùlé."

"Bí mo bá ti òrùlé, kí wá ni ìwúlò ọkọ̀ tí òrùlé rẹ̀ ń ṣí?"

"Ohun tí èmi náà ń bi ara mi nìyẹn," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó sì ti ilẹ̀kùn ààrò.

Dókítà kò tíì pinnu. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ibi iṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ti la ẹnu tán, tó ti ki irinṣẹ́ sí i lẹ́nu, á bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, á ní, "Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Kí n fi iná sí àga ọkọ̀ mi, àbí kí n má fi sí i?"

"Ààà," ni ẹni náà á wí.

"Mo mọ̀ pé ẹ máa fara mọ́ ọn."

Kò sí ẹnì kan tó ta kò ó. Ó lọ bá ọ̀gá riwáyà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ọkùnrin kan tí ahọ́n rẹ̀ dùn ju iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ.

"Ṣé ọkọ̀ tó ti dàgbà báyìí lè gbé e?" Dókítà bi í.

"Ọkọ̀ wo ló dàgbà? Ọkọ̀ àti ẹni tó ni ín, ọmọdé ni wọ́n lójú mi."

Ìyẹn tó Dókítà. Riwáyà tú àga méjèèjì, ó tẹ́ wáyà sábẹ́ awọ wọn, ó rán wọn padà, ó fi bọ́tìnnì kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò. Dókítà jókòó, ó tẹ̀ ẹ́, ó dijú. Ooru bẹ̀rẹ̀ sí í gun ìdí rẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ó dà bíi pé mo tọ̀ sára," ó ní.

"Bó ṣe máa ń ṣe gbogbo èèyàn níbẹ̀rẹ̀ nìyẹn," ni riwáyà wí.

Ọjọ́ ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù pé. Òtútù mú, ojú ọ̀run sì dúdú. Dókítà wọ kóòtù aláwọ̀ wàrà, ó gbé ọmọ rẹ̀ síwájú ọkọ̀, ó ṣí òrùlé. Ìyá ìyàwó ń fi ọkọ̀ búrẹ́dì tẹ̀ lé wọn.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ti òrùlé," ni ọmọ náà wí, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìbòjú rẹ̀ mú kó má fò lọ.

"Ooru ń bọ̀ lábẹ́, ọmọ mi."

"Ìdí mi ti jinná, Dádì. Etí mi ló ń gan."

Nígbà tí wọ́n dé iwájú kọ́ọ̀tù, àwọn àna ti tò sórí àtẹ̀gùn. Dókítà pa ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n kò pa àga. Ó tilẹ̀ tún jẹ́ kí rédíò máa kọrin. "Ẹ jẹ́ kó máa gbóná dè wá," ó ní. "Àna mi, ẹ sún mọ́bí, ẹ fọwọ́ kàn án wò!" Bàbá ọkọ ìyàwó fọwọ́ kàn án. Ìyá ọkọ ìyàwó náà fọwọ́ kàn án. Gbogbo ẹbí tò, wọ́n ń fọwọ́ pa àga ọkọ̀ bí ẹni ń wò ó bóyá ibà ń ṣe é. Nínú kọ́ọ̀tù pàápàá, ó ń sọ ọ́ sí etí àna rẹ̀ títí akọ̀wé kọ́ọ̀tù fi gbójú sókè.

"Bàbá ìyàwó, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín gbọ́ ẹni tó fẹ́ fẹ́."

Wọ́n so tọkọtaya pọ̀, ètò náà sì pẹ́. Nígbà tí gbogbo èèyàn jáde, ayàwòrán ti dúró dè wọ́n. Ibẹ̀ ni Dókítà ti kéde bí wọn yóò ṣe padà lọ. "Ìyàwó á bá mi lọ nínú ọkọ̀ pupa," ó ní. "Ọkọ ìyàwó á bá ọkọ̀ búrẹ́dì bọ̀."

Kùn-ùn, èrò kùn. Ọmọ rẹ̀ wo ojú rẹ̀, kó má bàa dójú tì í, ó wọ ọkọ̀ náà. Dókítà jókòó, ó tún kóòtù ṣe, ó yí kọ́kọ́rọ́.

Ọkọ̀ ní, "Kẹ̀."

Ó tún un yí. Ọkọ̀ kò tilẹ̀ ṣe kẹ̀ mọ́. Rédíò ti dákẹ́. Àga tútù bí imú ajá. Òjò sì bẹ̀rẹ̀ lákòókò yẹn gan-an, kì í ṣe òjò tó ń bèèrè àyè, ó kàn dà sílẹ̀ wàà. Dókítà tẹ bọ́tìnnì òrùlé. Òrùlé kò mì. Ó tẹ̀ ẹ́ títí èékánná rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́.

Agbòjò ṣí lápá ọ̀tún, ó ṣí lápá òsì. Ìyàwó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó sáré lọ bá ọkọ rẹ̀ nínú ọkọ̀ búrẹ́dì, àbúrò ọkọ rẹ̀ sì wa ọkọ̀ náà gbé wọn lọ. Riwáyà, tó wá jẹ ìgbéyàwó, yọ orí lẹ́yìn obìnrin kan tó sanra. "Bátìrì ló kú, Dókítà! Àga ló mu ún gbẹ! Àfi ká tì í!" Ó sì tún fi orí pamọ́.

"Ta ló máa wà á?" ni àwọn èèyàn ń bèèrè. Dókítà na ọwọ́ sókè.

"Ẹ bọ́ sílẹ̀," ni ohùn kan wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ni. "Ẹ̀yin lẹ wúwo jù. Ẹ lọ máa tì í."

Lójú gbogbo àna, Dókítà gbé ẹsẹ̀ kan síta, ó di ilẹ̀kùn mú, ó wọ́ ara rẹ̀ jáde. Ìyàwó rẹ̀ fi ìdí rọra jókòó sínú adágún tó wà lórí àga. Dókítà lọ sẹ́yìn, òun àti àwọn ọ̀dọ́ kan, wọ́n ń tì. Bàtà rẹ̀ yọ̀, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó dìde, ó tún tì. Irun tó kù lẹ̀ mọ́ orí rẹ̀ pátápátá.

"Dókítà, ẹ la ẹnu!" ni ẹnì kan kígbe láti abẹ́ agbòjò. Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ wọn ló ti jókòó sórí àga ilé ìwòsàn rẹ̀ rí, wọ́n sì ti ń dúró de ọjọ́ yìí.

Dókítà wo kóòtù rẹ̀, ó wo orúnkún rẹ̀. "Ó mà dára o," ó wí fún ara rẹ̀. "Wọ́n ti wá ń wò mí tọkàntọkàn." Ẹ̀rín pa òun náà.

Ẹ́ńjìnnì sọjí lójijì, ọkọ̀ sì fò síwájú. Dókítà ṣubú yakata. Ìyàwó rẹ̀ kò dúró. Ó wa ọkọ̀ náà yípo iwájú kọ́ọ̀tù, ó tún un yí, gèlè rẹ̀ ń ro omi, ẹ̀rín bò ó lẹ́nu. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tó yá, ó dúró níwájú ọkọ rẹ̀.

"Ṣé ẹ ń lọ?"

Dókítà wọlé. Omi àga rọ sínú ṣòkòtò rẹ̀ ṣìn-ìn. Eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, eyín oníṣègùn eyín!

"Jọ̀ọ́," ó bẹ̀ ẹ́, "iná ti dé báyìí. Ti òrùlé."

"Rárá o," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó ń wo èrò tó tò sórí àtẹ̀gùn. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí wa."

Ó sì tẹ fèrè.