Ọbẹ̀ Ni Dorcas Ní Kó Rà

Ẹjọ́ kan dé ààfin Baálẹ̀ wa lánàá, ẹjọ́ ọ̀bẹ ni, àbí kí n ní ẹjọ́ ọbẹ̀? Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀. Oyèlékè, fọganáísà tó wà lẹ́bàá Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ni wọ́n pè lẹ́jọ́, ìyàwó rẹ̀ Dorcas ló sì pè é. Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn àna wọn wá láti Ọ̀yọ́ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nítorí Tijésùnimí, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Àwọn àlejò sá lọ láìfẹnu kan oúnjẹ, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ọmọ náà mọ́.

Oyèlékè dọ̀bálẹ̀ fún Baálẹ̀, ó dìde, ó wo ojú ọmọ rẹ̀. Tijésùnimí yíjú sí ògiri. Ìyẹn dun Oyèlékè ju ẹjọ́ fúnra rẹ̀ lọ.

“Dorcas, kí ni ọkọ rẹ ṣe?” Baálẹ̀ bèèrè.

“Bàbá, àwọn àna wa dé kí àkókò tó tó. Ibi tí mo ti ń kí wọn káàbọ̀ ni ọbẹ̀ mi ti jóná. Iyán wà nílẹ̀, ọbẹ̀ ò sí. Ojú àna kọ́ lèèyàn ti ń pariwo pé ọbẹ̀ òun jóná. Mo bá tẹ mẹ́sééjì sí bàbá Tijésùnimí ní ṣọ́ọ̀bù wọn, pé kí wọ́n ra ọbẹ̀ tó pọ̀ bọ̀ wálé.”

“Kí ló wá rà?”

Dorcas tú ìdì kan, ó gbé ohun tó wà níbẹ̀ kalẹ̀. Ọ̀tún Baálẹ̀ sún àga rẹ̀ sẹ́yìn.

Ọ̀bẹ ni, ṣùgbọ́n irú ọ̀bẹ wo nìyẹn? Ojú mẹ́rin ló ní. Ọ̀kan dorí kodò, òmíràn ká bí ìwo àgbò. Wọ́n ṣe orí ejò sí èkù rẹ̀, ejò náà lanu, eyín rẹ̀ sì jẹ́ irin ṣóńṣó. Gbogbo rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.

“Oyèlékè, ọbẹ̀ dà?”

“Bàbá, kí ẹ̀mí yín ó gùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka mẹ́sééjì náà.”

Ọ̀tún gba fóònù, ó gbé e jìnnà sójú kó lè rí i kà. “‘Ra obe to po bo wale kia.’ Kò sí àmì ohùn kankan lórí ẹ̀ o.”

“Ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀? Èmi kà á sí ọ̀bẹ. Wọ́n tún ní kó pọ̀. Mo bi ara mi pé ọ̀bẹ tó pọ̀ kẹ̀? Mo lọ bá ẹni tó ń tà á, ó ní èyí gan-an ni, mẹ́rin nínú ẹyọ kan. Mo gbọ́ràn sí ìyàwó mi lẹ́nu ni, Bàbá.”

“Kí lo rò pé àwọn àna rẹ fẹ́ fi ọ̀bẹ mẹ́rin ṣe?”

“Mo rò pé wọ́n gbé kéèkì wá ni.”

Ààfin dà rú fún ẹ̀rín. Dorcas nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

“Irọ́ ni, Bàbá. Ó ti pẹ́ tí ojú wọn ti wà lára ọ̀bẹ yìí. Bí wọ́n bá kọjá níbi tí wọ́n ti ń tà á, wọ́n á dúró, wọ́n á máa wò ó bí ẹni ń wo àfẹ́sọ́nà. Àyè ni wọ́n ń wá, mẹ́sééjì mi ló wá fún wọn láyè.”

Oyèlékè wolẹ̀. Òótọ́ ni obìnrin náà ń sọ.

Wọ́n pe Akínọlá, bàbá ọkọ ìyàwó, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Ọ̀yọ́.

“Tíṣà, kí lẹ rí?”

“Bàbá, a jókòó jẹ́ẹ́. Àna mi wọlé, ó na ọ̀bẹ olórí ejò sókè, ó ní, ‘Àwọn àlejò dà?’ Mo rọra dìde, mo ní ká máa lọ. Ọkùnrin yìí ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ìgbéyàwó di ọdún tó ń bọ̀. Kò fẹ́ fún wa lọ́mọ, ló ṣe fi ohun ìjà lé wa. Ọmọ mi ò ní fẹ́yàwó níbi tí wọ́n ti ń fi idà kí àlejò.”

Tijésùnimí bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ọkàn Oyèlékè bà jẹ́, nítorí òun ló sọ ọ̀rọ̀ ọdún tó ń bọ̀ lóòótọ́. Ọ̀yọ́ ò jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n lójú bàbá tó bí ọmọ kan, òkè òkun ni.

Mercy, aládùúgbò tó bá wọn gúnyán lọ́jọ́ náà, bọ́ síwájú.

“Bàbá, wọn ò nà án sókè o. Ṣe ni bàbá Tijésùnimí gbé e mọ́ àyà bí ọmọ ìkókó. Tíṣà náà ò sì rọra dìde. Ojú fèrèsé ni wọ́n gbà.”

“Ẹnu ọ̀nà ni mo gbà,” Akínọlá ní.

Mercy yọ bàtà ẹsẹ̀ kan nínú àpò. “Bàtà yín yìí ló wá dá gba fèrèsé?”

Akínọlá nawọ́ gba bàtà rẹ̀.

“Oyèlékè,” Ọ̀tún ní, “kí ni nǹkan yìí tiẹ̀ wà fún?”

Ojú Oyèlékè là. Ó gbàgbé pé ẹjọ́ lòun wá jẹ́. “Ẹ̀yin ìjòyè, àwọn sójà òkè òkun ló ń lò ó. Ojú yìí ń gé irin. Èyí ń gé okùn, èyí ń bó ẹran. Èyí tó ká yìí, ẹni tó tà á ní kí n má dán an wò lára èèyàn.”

“Ẹ ò gbọ́?” Akínọlá ti dìde, ó ti ń wá ọ̀nà ìta.

“Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́,” Tijésùnimí sọ fún bàbá rẹ̀.

Baálẹ̀ ní kí Tíṣà padà jókòó. “Oyèlékè, fetí sílẹ̀. Bí ọ̀bẹ yìí bá mú, ohun ìjà lo gbé ko àna rẹ lójú, bó bá kọ ọmọ rẹ, a ò ní bá a wí. Bí kò bá mú, a jẹ́ pé ohun ìṣeré ni wọ́n tà fún ọ, ìwọ lo gọ̀, ọmọ rẹ á sì lọ́kọ. Èwo nínú méjèèjì?”

Oyèlékè wo ọ̀bẹ rẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀.

“Kò mú,” ó ní.

“Sọ ọ́ sókè.”

“Kò mú, Bàbá. Mo fi gé àlùbọ́sà, àlùbọ́sà yí lọ sábẹ́ àga. Mo fi gé búrẹ́dì, gbogbo ẹ̀ rún. Mo fi bó ọsàn, eyín ejò ló bó mi lọ́wọ́.” Ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, pílásítà wà níbẹ̀.

“Ẹ sì ní táyà ló ṣe yín léṣe,” Dorcas ní.

Baálẹ̀ ní kí wọ́n gbé ọsàn kan fún Akínọlá. Tíṣà fi ojú kìíní gé e, ó fi ìkejì, ó fi gbogbo rẹ̀. Ọsàn wà bó ṣe wà. Nígbà tó yá, ejò gún un ní àtàǹpàkò, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

“Bàbá, kò séwu níbẹ̀. Ẹni tó bá dì í mú nìkan ló lè ṣe léṣe.”

“Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀,” Baálẹ̀ ní. “Ti Oyèlékè yìí, èkù ló mú ju ojú lọ. Ìdájọ́ mi nìyí. Kò sí ohun ìjà, nítorí náà àna ò sá, ìgbéyàwó dúró. Dorcas, bí o bá tún fẹ́ kọ ọbẹ̀, kọ ọ́ pé ‘tí ẹnu ń jẹ.’ Ìwọ Oyèlékè, ọ̀bẹ lo rà dípò ọbẹ̀, ọ̀bẹ ni wàá sì máa fi jẹun. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bu ọbẹ̀ fún ọ. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀bà síwájú rẹ, kí wọ́n gbé ọ̀bẹ olórí ejò tì í. Ọjọ́ tí Tijésùnimí bá wọlé ọkọ ni wàá tó fẹnu kan ọbẹ̀.”

Oyèlékè dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó bẹ̀bẹ̀ títí, Baálẹ̀ ò yí ìdájọ́ padà. Ó wo Dorcas, Dorcas ti ń di ọ̀bẹ náà padà sínú ìdì rẹ̀ tìṣọ́ratìṣọ́ra, bí ẹni tó máa lò ó lálẹ́. Ó ro ẹ̀bà gbígbẹ láti òní títí di ọdún tó ń bọ̀. Ibi tó dọ̀bálẹ̀ sí náà ló ti yí orí sí Akínọlá.

“Àna mi,” ó ní, “ṣé ọwọ́ yín ò ní dí ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí?”