Mo Dọ̀bálẹ̀ Lórí Igi Ẹ̀gbà

Ọjọ́ kan wà tí kò lè tán lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ ń gbìyànjú láti gbàgbé rẹ̀. Ọjọ́ tí àwọn àlejò wá wo iṣẹ́ wa létí omi, lẹ́yìn Congo Town ní Monrovia, ni. Igi ẹ̀gbà, tí òyìnbó ń pè ní mangrove, là ń gbìn padà sínú ẹrẹ̀, níbi tí wọ́n ti gé e tán fún igi ìdáná, kí ẹja lè padà, kí omi òkun má sì máa ya wọlé àwọn ará àdúgbò. Ọ̀gá mi, obìnrin ọmọ Làìbéríà, ti ṣèlérí pé bí inú àwọn àlejò bá dùn, mo lè lọ ṣọdún Kérésì nílé. Ìyá mi wà ní Ẹ̀pẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti fojú kàn án, àárò rẹ̀ sì ń sọ mí gan-an. Kódà, òórùn ẹrẹ̀ ibẹ̀, òórùn etí ọ̀sà wa ni.

Àwọn àlejò ò tíì dé tí mo ti wọ ẹrẹ̀ lọ ka àwọn igi tó yè. Ẹrẹ̀ gbé bàtà mi kan mì. Mo ní kò burú, mo ń kà lọ. Yorùbá ni mo fi ń kà á sókè, torí òyìnbó mi kì í mọ ìṣirò. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi: "Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o."

Ìyá àgbà kan ló dúró létí omi, ìyá pásítọ̀ ọmọ Yorùbá kan tó ń gbé nítòsí. Ohùn rẹ̀ dà bíi ti ìyá mi gẹ́lẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, n ò ronú. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀, lórí ìlà igi tó hù dáadáa jù.

Kí n wá dìde? Màmá ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ọmọ tí wọ́n kọ́ kì í dìde kí àgbà tó ṣàdúrà tán, ìyá pásítọ̀ ò sì mọ àdúrà kúkúrú. Ó ṣe é dé orí àwọn ọmọ tí n ò tíì bí. Mo ń ṣe àmín, ẹrẹ̀ ń wọ̀ mí lẹ́nu. Nígbà tí mo gbójú sókè, bàtà àwọn àlejò ni mo kọ́kọ́ rí.

Ọ̀gá mi wo igi abẹ́ mi. "My man, da the plant you lying on so?"

"The oldma praying for me, ma."

"Then say amen and get up. Christmas, you will be right here planting it back, ya."

Àwọn àlejò ní iṣẹ́ náà dára, àyàfi ibi tí mo sùn sí.

Mo pe ìyá mi, mo rò fún un. Ó wá ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Wọ́n á mọ̀ pé a kọ́ ọ." Ohùn rẹ̀ ò dún bíi ti ẹni tó rí i pé ó dáa.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Èmi ti wá mọ̀ pé ilẹ̀ náà ló yẹ kéèyàn wò kó tó dọ̀bálẹ̀. Mo máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá rántí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í dénú. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá oníyàá, ìyẹn ni ò jẹ́ kí n lọ dọ̀bálẹ̀ fún tèmi.