Ìkéde Nípa Ìbọn Tí A Wẹ̀ Bí Ìyàwó

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ìgbódẹ̀rọ̀, ẹ gbọ́ o!

Ẹ̀yin ti Òkè Ọ̀dán, ẹ sọ ọbẹ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yin ti Ìsàlẹ̀ Odò, ẹ pa rédíò. Ìyá Ràíìmì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ewúrẹ́ yín so. Ọ̀rọ̀ yìí kan òun náà.

Kábíyèsí ní kí n kí yín. Ó ní ẹ kú ìtìjú ìdíje oṣù tó kọjá. Ẹ kú ìtìjú! Ẹ kú ìtìjú o! Ó ní kí ẹ má dá a lóhùn, òun náà ṣì wà nínú rẹ̀.

Kí ẹni tó wà lóko má baà sọ pé òun kò mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ìlú yìí àti Òkè-Ayùn pàdé níbi ìdíje ìbọn yíyìn. Ìbọn ráífù ìlú ni. Ọdẹ́yalé, ọmọ wa, ló yìn ín. Ọta márùn-ún, ihò kan! A gbé ife ẹ̀yẹ, a jó wọlé. Ẹ sì mọ àṣà wa. Ohun tó bá gbé iyì wọ Ìgbódẹ̀rọ̀, a gbọ́dọ̀ wẹ̀ ẹ́. A wẹ kẹ̀kẹ́ tíṣà tó kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́ wọ ìlú. A wẹ ẹ̀rọ ìlọta tí ìjọba fún wa. Kò lọ ata mọ́ láti ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ó mọ́.

Nítorí náà, a wẹ ìbọn. Òkè Ọ̀dán fi ọṣẹ dúdú àti kàn-ìn-kàn-ìn wẹ̀ ẹ́. Ìsàlẹ̀ Odò ní Òkè Ọ̀dán kò mọ nǹkan wẹ̀, wọ́n fi iyanrìn àti eérú fọ̀ ọ́ bí ìkòkò ìdáná. Ìdí Ayunrẹ́ ní kò tíì jọ̀lọ̀. Wọ́n fi osùn kùn ún, wọ́n fi àdín pa á, wọ́n ń kì í bí ìyàwó tó ń lọ ilé ọkọ. Lọ́dọọdún ni! Lọ́dọọdún!

Lọ́dọọdún náà sì ni ọta ń yà. Ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìwẹ̀, ó yà díẹ̀. Ìgbìmọ̀ olóyè ní ojú Ọdẹ́yalé ni. Wọ́n rán an lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Dókítà ní ojú yẹn lè ka àmì ara ẹtù ní òdìkejì odò. Ìgbìmọ̀ ní kí dókítà lọ wo ojú ara rẹ̀. Nígbà tó wá di oṣù tó kọjá, ọta fi pátákó sílẹ̀ pátápátá, ó lọ lu kẹ́tù tíì alága ìdíje. Tíì gbígbóná dà sí alága lẹ́sẹ̀. Òkè-Ayùn pàtẹ́wọ́.

Ibẹ̀ ni Olóyè Jagun ti dìde lójú gbogbo ayé, ó ní afọ́jú ló ń yìnbọn fún ìlú òun. Ọdẹ́yalé yá ìbọn Òkè-Ayùn lọ́wọ́ wọn. Ó kúnlẹ̀. Ọta márùn-ún, ihò kan.



A wá wo ìbọn tiwa. Etí ẹnu rẹ̀ ti jẹ bí etí ìkòkò ọmọge tó ń sáré bọ̀ láti odò. A ṣí àpótí rẹ̀ láàfin. A bá ọ̀pá agbòjò kan níbẹ̀, ó ti wọ́, orí rẹ̀ ń dán yanran bí ohun tí wọ́n ti fi ro nǹkan fún ọdún mẹ́ta. Ẹnì kan ti ń ti ọ̀pá irin yìí bọ ẹnu ìbọn láti fi nu inú rẹ̀, ó ń fi gún un bí ẹni gún èlùbọ́.

Ta ni? Ìgbìmọ̀ ní a kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní kí n tún un sọ. A kò mọ̀ ọ́n o! Láti ìgbà náà, òjò ti rọ̀ léraléra, Olóyè Jagun nìkan ló sì ń da agbòjò tirẹ̀ borí bí ewé kókò. Ṣùgbọ́n a kò mọ̀ ọ́n!

Àwọn tó ń tún ìbọn ṣe ní ìlú ńlá ti rẹ́ ẹnu rẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì ti tún etí rẹ̀ ṣe. Ó kúrú, ṣùgbọ́n ó ti bọ̀ sípò. Kó má baà tún kúrú sí i títí yóò fi di ìbọn ìléwọ́, Kábíyèsí ṣe òfin wọ̀nyí. Ẹ gbọ́ o!

Òfin Kìíní! Kí ẹnikẹ́ni tó nu ìbọn, kó ṣí i, kó wo inú rẹ̀ dáadáa pé kò sí ọta níbẹ̀. Kó wò ó! Kó má sọ pé òun rántí pé òun ti yọ ọ́. Ẹnì kan rántí bẹ́ẹ̀ rí ní gbọ̀ngàn ààfin, òun lẹ fi ń rí ojú ọ̀run láti orí àga àlejò. Ìjìyà: ẹni tó bá rú òfin yìí ni yóò máa jókòó sórí àga náà títí òjò ọdún yìí yóò fi dá.

Òfin Kejì! Ìbọn kì í ṣe ìkòkò! Ẹ wí tẹ̀lé mi. Ìbọn kì í ṣe ìkòkò! Iyanrìn di èèwọ̀. Eérú di èèwọ̀. Kàn-ìn-kàn-ìn di èèwọ̀, búrọ́ọ̀ṣì onírin náà di èèwọ̀. Ìlà wẹ́wẹ́ wà nínú ìbọn ráífù, ó lọ́ bí okùn. Ìlà yẹn ló ń mú ọta yí bí òkòtó tí a máa ń ta lábẹ́ ọ̀dán, nígbà tí ọ̀dán ṣì wà. Bó ṣe ń yí ni kì í jẹ́ kó yà. Ẹ̀yin wá ń fi iyanrìn ha á, ẹ ní ó ń dán! Búrọ́ọ̀ṣì bàbà tó rọ̀ àti aṣọ funfun nìkan ló gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Ìjìyà: ẹni tó bá fi iyanrìn kan ìbọn yóò fi ìyókù iyanrìn náà fọ eyín lójú ọjà.

Òfin Kẹta! Ẹ̀yìn ni à ń gbà wọlé! Ọ̀pá ìnubọn tó gún régé, tí kò wọ́, ẹ̀yìn ìbọn ni yóò gbà wọlé, ẹnu ni yóò yọ sí, bí ọta ṣe ń ṣe gan-an. Ẹ tì í jẹ́jẹ́, kó má fi ara ha ògiri. Etí ẹnu ìbọn lọta ń fara kàn kẹ́yìn kó tó lọ. Bí ibẹ̀ bá jẹ díẹ̀, ẹ ti pàdánù. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti ọ̀pá bọ ẹnu ìbọn, ìbáà ṣe ọ̀pá agbòjò, ìbáà ṣe ọ̀pá oyè!

Ìgbìmọ̀ ní kí n yọ ọ̀pá oyè kúrò níbẹ̀. Mo ti yọ ọ́. Ẹ gbàgbé pé mo sọ ọ́.

Ìjìyà: ọmọorógùn ni wọn yóò fi máa bọ́ arúfin náà lóúnjẹ, títí yóò fi mọ bó ṣe ń ṣe ẹnu.

Òfin Kẹrin! A kì í dín ìbọn! Epo pupa kò sí níbẹ̀. Àdín kò sí níbẹ̀. Òrí, ẹ fi pa ẹsẹ̀ yín. Epo ìbọn tòótọ́ ni, kó kán díẹ̀ sórí aṣọ. Ẹ nù ún títí aṣọ yóò fi máa jáde ní funfun. Kí ẹ tẹ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ bí ẹ bá ń nù ún, kí epo má ṣàn padà síbi tí ìka ń fà. Kí ẹ sì fi aṣọ gbígbẹ nu epo inú rẹ̀ kúrò kí a tó yìn ín. Ewúrẹ́ Ìyá Ràíìmì, ìwọ tó jẹ aṣọ aláàdín lọ́dún tó kọjá, orúkọ rẹ ti dé ààfin.

Òfin Karùn-ún! Àwọn olóyè ṣì ń jà lórí ẹni tí yóò kà á. Ẹ jẹ́ ká fò ó.

Òfin Kẹfà! Ibi tí ìka ń fà, ẹ má tú u. Ẹ má tú u! Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ tú rédíò láti wá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, Kábíyèsí ń kí yín, ó ní kí ẹ jókòó jẹ́ẹ́.

Òfin Keje! Àṣà kò parẹ́ o. Ẹ lè máa kì í. Ṣùgbọ́n kí ẹ jìnnà, itọ́ ń mú irin dípẹtà. Òógùn ọwọ́ náà ń mú un dípẹtà. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, kó nu ibẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gbà kó má wẹ nǹkan, Kábíyèsí ti yọ̀ǹda àpótí rẹ̀. Ẹ wẹ àpótí! Ẹ fi osùn kùn ún! Kó ṣáà ti gbẹ kí a tó gbé ìbọn padà sínú rẹ̀.

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o!

Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀lé agogo mi bọ̀, ẹ ti rí ibi tí a dé. Ẹnu ọ̀nà Ọdẹ́yalé ni. Ẹ rí ẹrù tó dì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Òkè-Ayùn ti ránṣẹ́ sí i pé àwọn ní yàrá, àwọn sì ní ìbọn tí ẹnikẹ́ni kì í wẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ yìí ló ń lọ.

Kábíyèsí kì í bẹ̀bẹ̀. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kàn ní kí n gbé ìbọn náà dání wá síbí, kí n ka òfin ìbọn nínù lẹ́nu ọ̀nà yìí, kí n sì kà á pẹ̀lẹ́.

Ọdẹ́yalé ti fèsì láti àná. Kò béèrè oyè. Kò béèrè aṣọ. Ó ní kí ẹni tó ni ọ̀pá agbòjò wá gbà á lójú gbogbo èèyàn, kó sì sọ ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran. Bí kò bá wá, òun ń lọ. Lọ́dún tó ń bọ̀, a ó máa wo ọmọ wa bó ṣe ń gba ife lọ́wọ́ wa.

Òfin Ìkẹyìn! Ọ̀pá náà nìyí lọ́wọ́ mi. Ẹni tó ni ín, kó wá gbà á! Kò sí ìjìyà. Ìgbìmọ̀ pẹ́ lórí èyí ju gbogbo òfin yòókù lọ, wọ́n ní ìrìn láti ilé rẹ̀ dé ibí ti tó ìjìyà fún un. Ẹni tó ni ín, kó yára. Òjò ti ṣú.

Ẹni tó ni ín dà?

Ẹni tó ni ín dà o?

Ẹ dúró. Ẹnì kan ń bọ̀ lọ́nà Ìdí Ayunrẹ́. Ó fa fìlà bo ojú. Ó há nǹkan kan mọ́ abíyá, ó jọ agbòjò tí kò lẹ́sẹ̀.

Òfin mìíràn tí Kábíyèsí kò rán mi, èmi akéde ni mo ṣe é lójú ẹsẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín! Ìyá Ràíìmì, mo rí eyín yín! Ẹ yà fún un. Ẹ wo ilẹ̀.

Ó ti gba ọ̀pá. Ó ti sọ ọ́. Ohùn rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. Ó ní ojú òun ni.

Ọdẹ́yalé ti ń tú ẹrù. Aṣọ funfun ló kọ́kọ́ fà yọ níbẹ̀. Ó ti ya á sí méjì, ó fi ìlàjì lé Jagun lọ́wọ́. Ó ti gba ìbọn lọ́wọ́ mi, ó ti ṣí i. Ó ń fi ẹ̀yìn ìbọn han Jagun, ibi tí à ń gbà wọlé.

Ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ, ààfin ló ni ọ̀rọ̀. Ẹni tó gbọ́, kó sọ fún ẹni tó sùn. Agogo Ìgbódẹ̀rọ̀ dákẹ́ níbí. Ẹ wọlé o, òjò dé!