Bí Mo Ṣe Yọ Àmì Kúrò Lórí Ọkọ̀

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó fẹ́ràn àṣà Yorùbá ju àwọn tó bí Yorùbá lọ, ẹ má wulẹ̀ wá a jìnnà. Èmi náà nìyí, Akóredé Ọdúnjọ, agbádá nínú ilé, agbádá nínú mọ́tò, agbádá lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Igbó Ẹfọ̀n ni mò ń gbé, nínú ẹ̀sítéètì onígéètì méjì. Iṣẹ́ mi ni kí n máa polówó ọdún ìbílẹ̀, kí àlejò lè máa wá wòran lágbègbè wa láti Oniru títí dé Ajah. Èmi ni mo fún ara mi níṣẹ́ náà, kò sì sẹ́ni tó bá mi du ú.

Ẹ má rò pé n kò ṣe bẹbẹ rí. Èmi ni mo dá Ìrọ̀lẹ́ Àlọ́ sílẹ̀ nínú ẹ̀sítéètì wa. Mo kó àwọn ọmọ jọ sórí koríko, mo gbé ohùn sókè, mo ní, "Àlọ́ o." Gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Hẹ́lò, sà." Àwọn òbí wọn pàtẹ́wọ́, èmi náà pàtẹ́wọ́ fún ara mi. Mo gbé fídíò rẹ̀ sórí ayélujára, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àṣà wa kò ní í kú láé.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń dùn mí. N kò loyè. Gbogbo ẹgbẹ́ mi tó ń fẹnu jẹun lórí àṣà ló ti di olóyè, ọ̀kan Ọ̀túnba, èkejì Àrẹ. Èmi nìkan ni wọ́n ṣì ń pè ní Mísítà. Mísítà kò sì yẹ agbádá rárá.

Àfi bí Baálẹ̀ Ẹ̀bá-Ọ̀sà ṣe ránṣẹ́ pè mí. Ẹ̀bá-Ọ̀sà ni abúlé àwọn apẹja kan lẹ́yìn Addo, tí àwọn ilé alájà ti há mọ́ etí omi. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń wa ọkọ̀ ojú omi díje níbẹ̀ lọ́dọọdún, ìdíje náà ti kú tipẹ́, Baálẹ̀ sì fẹ́ jí i. Àlàájì Tàjùdéèn lorúkọ Baálẹ̀ yìí, àgbàlagbà tí kì í yára rẹ́rìn-ín.

"Àwọn ọ̀dọ́ wa ti kan ọkọ̀, wọ́n ti kùn ún," ni Bàbá wí. "Èrò ni a ò ní. Àwọn ará ọ́fíìsì ìrìn-àjò afẹ́ máa wá wò wá. Bí wọn ò bá bá èrò níbẹ̀, wọn ò ní í ka ọdún wa kún ọdún. Wọ́n ní o mọ̀ ọ́n polówó. Ṣé o lè kó èrò wá?"

"Bàbá, ẹ ò ní í ríbi fẹsẹ̀ tẹ̀."

"Ó dáa. Bí etí omi yìí bá kún, Aṣíwájú Àṣà ni mo máa fi ọ́ jẹ, lọ́jọ́ náà gan-an."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Yanrìn etí ọ̀sà wọ̀ mí lẹ́nu, kò tiẹ̀ korò. Kí n tó dé ibi tí mo gbé mọ́tò sí, mo ti ń juwọ́ olóyè sí àwọn ewúrẹ́. Mo délé, mo fi orúkọ oyè náà ránṣẹ́ sórí fóònù Baálẹ̀, nítorí àgbà lè gbàgbé.

Ó kan ìpolówó. Ẹlòmíì ìbá ya àwòrán ọkọ̀ ojú omi sí i. Ta ló fẹ́ wo pákó? Àwòrán ara mi ni mo fi kún ojú pátákó náà, agbádá funfun, ọwọ́ lágbọ̀n, ẹ̀rín díẹ̀. Mo wá kọ ọ́ sí ìbàdí mi ní lẹ́tà gàdàgbà:

ODUN OKO
E WA WO OKO NLA NLA LETI OSA
OKO TO BA YARA JU NI YOO GBA IFE

Fèyíkẹ́, ìyàwó mi, lọ́yà ni lọ́fíìsì kan ní Oniru. Ó wo iṣẹ́ náà títí, ó bọ́ awò ojú, ó tún wò ó.

"Dádì Dábírà, èwo lèyí nínú wọn?"

"Nínú kí ni?"

"Ọkọ ni, oko ni, àbí ọkọ̀? Mi ò tíì dárúkọ ìkẹrin o, torí ọmọ wà ní pálọ̀."

"Ọkọ̀ ni. Ta ni ò ní í mọ̀ pé ọkọ̀ ni?"

"Ẹ fàmì sí i, ẹ jọ̀ọ́."

"Àmì ti kúrò lóde, Fèyí. Ó ń ba ẹwà iṣẹ́ jẹ́. Ṣe ló máa dà bíi pé eṣinṣin yàgbẹ́ sí mi lára. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí."

"Ààbọ̀ ni wọ́n ní kẹ́ ẹ sọ. Wọn ò ní kẹ́ ẹ bọ́ ọ síhòòhò."

Mo dá a lóhùn pé iṣẹ́ òfin ni kó gbájú mọ́, kó fi àṣà sílẹ̀ fún aláṣà. Mo gbé pátákó ńlá kan dúró ní Ajah, mo fi ìyókù sórí Wọ́sáàpù.

Ẹ̀yin èèyàn mi, fóònù mi fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná. Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Waliyat, tó ní òun lolórí ẹgbẹ́ àwọn omidan kan ní Addo. Ohun tí èmi àti ẹ̀ kọ ránṣẹ́ síra wa nìyí, bó ṣe wà lórí fóònù gẹ́lẹ́:

"E kaasan sa. Se oko yin wa daadaa?"

"Daadaa ni. Okookan le gbe eeyan mejo."

"Mejo ke? Emi nikan ni mo fe o. Se tuntun ni gbogbo won?"

"Awon kan je tuntun. Awon to ti gbo, a ti di iho ara won, a si ti kun won."

Ó tún kọ ọ́ pé, "Se won maa n jo?"

"Rara o. Ko si eyi to n jo ninu won."

"O ma se o. Eyi to n jo ni emi feran."

Mo mi orí. Mo ní obìnrin tó fẹ́ràn ọkọ̀ tó ń jò, onímọ̀ ohun àtijọ́ ló máa jẹ́. Mo ní kó kó gbogbo ẹgbẹ́ ẹ̀ wá.

Nígbà tí ọjọ́ pé, etí omi kún débi pé ẹsẹ̀ àwọn kan ti wà nínú omi. Inú mi dùn, n kò bi ara mi léèrè irú èrò tó jẹ́. Waliyat àtàwọn omidan ẹ̀ ti jókòó níwájú, wọ́n kunjú, wọ́n wọ léèsì. Ìyá àwọn kan tẹ̀lé wọn wá ṣèwádìí ìdílé. Ọkùnrin kan wà tó ń ta ilẹ̀ oko lọ́nà Epe, ó gbé ìdì igi ẹ̀gẹ́ sẹ́yìn mọ́tò ẹ̀. Àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ to mọ́tò tí wọ́n ti nù kó máa dán sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Nídìí àgọ́ àwọn awakọ̀ gan-an, ẹni tí mo bá níbẹ̀ ni Habeeb, tó ń ta àgbo jẹ̀dí, pẹ̀lú ìgò àgbo àti ẹ̀rọ agbóhùnsókè.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ díje lónìí," ni Habeeb ń wí, "ẹ má bọ́ sójú agbo láìmu. Ojú lè tini o."

Mo rò pé ó ń ran àwọn awakọ̀ wa lọ́wọ́ ni. Mo tiẹ̀ kí i.

Baálẹ̀ jókòó lábẹ́ ìbòòji, àwọn méjì láti ọ́fíìsì ìrìn-àjò afẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo gba máíkì. Mo ki ara mi, nítorí kò sẹ́ni tó mọ oríkì mi tó mi. Mo ti ki ara mi débi tí òógùn fi ń bọ̀ nígbà tí Waliyat dìde.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Oòrùn ti ń pa wá. Àwọn ọkọ dà?"

"Ọkọ wo?"

"Àwọn tẹ́ ẹ kùn."

Mo nawọ́ sójú omi. "Àwọn ọkọ̀ náà ló wà lórí omi yẹn."

"Ọkọ̀?"

"Ọkọ̀."

Ó wo omi. Ó wo fóònù ẹ̀. Ó wo èmi. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni ìyá kan ti sọ̀rọ̀: "Torí ọkọ̀ pákó ni ọmọ mi ṣe gba ààyè níbi iṣẹ́?"

Baálẹ̀ gbọ́ ariwo, ó ní kí wọ́n bá òun ka ohun tí mo kọ, nítorí òun kò tíì rí pátákó náà. Waliyat kà á sókè: "Ọdún Ọkọ. Ọkọ tó bá yára jù ni yóò gba ìfẹ́." Ó ní òun tiẹ̀ rò pé àwọn ọkùnrin máa sáré ni, kí àwọn lè mọ èyí tára ẹ̀ le.

Oníṣòwò ilẹ̀ dìde pé oko lòun kà ní tòun. "Ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti àná," ló wí, "bí oko ṣe máa sáré."

Kí n tó rí nǹkan sọ, Habeeb ti gbé ẹ̀rọ agbóhùnsókè sẹ́nu, ó ka tiẹ̀. N kò lè kọ ọ́ síbí, nítorí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ni mo jọ ń bá ṣe. Ẹ sáà mọ̀ pé ó tẹnu mọ́ "ńlá ńlá" yẹn dáadáa. Àwọn ìyá fi ìborùn bojú. Ará ọ́fíìsì kan rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ sílẹ̀ lórí àga. Ojú tì mí, kí n má parọ́, ó tì mí débi pé etí mi gbóná.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ti wá ti wá. Wọ́n wa ọkọ̀ wọn, ìdíje sì dùn. Àwọn omidan Addo pariwo fún àwọn awakọ̀ títí ohùn fi há, àwọn kan sì ti gba nọ́ńbà fóònù kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀. Àwọn ará ọ́fíìsì ní àwọn kò tíì rí irú èrò báyìí, wọ́n ti ka ọdún Ẹ̀bá-Ọ̀sà kún ọdún.

Ẹlòmíì ìbá rọra gba ẹ̀yìn lọ. Èmi kọ́. Mo tún gba máíkì.

"Bàbá, èrò pé àbí kò pé?"

"Ó pé," ni Baálẹ̀ wí.

"Ẹ ṣèlérí oyè kan."

Fèyíkẹ́, tó bá mi wá, fà mí lágbádá. "Dádì Dábírà, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé." N kò gbọ́. Ẹni tí oyè ń pa kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ aya.

Baálẹ̀ dìde, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n mú ewé akòko wá, ó sì yọ fóònù lápò.

"Ọ̀rọ̀ mi kì í yẹ̀," ló wí. "Ẹ̀yin èèyàn, òun fúnra ẹ̀ ló kọ oyè yìí ránṣẹ́ sí mi. ASIWAJU ASA. Mo wá àmì lórí ẹ̀ títí, mi ò rí. Bí mo ṣe kà á ni mo ṣe máa fi í jẹ." Ó ki ewé bọ fìlà mi. "Láti òní lọ, ìwọ Akóredé Ọdúnjọ ni Aṣíwájú Àṣá gbogbo Ẹ̀bá-Ọ̀sà."

Àṣá. Ẹyẹ tó ń gbé ọmọ adìyẹ.

"Ẹ kó adìyẹ yín wọlé o," ni Waliyat wí, gbogbo etí omi sì gbà á lẹ́nu ẹ̀. Fèyíkẹ́, lọ́yà mi, tó yẹ kó gbẹjọ́ mi rò, ti tẹ̀ ba, ó ń rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ di ìhà mú.

Kí ni mo máa ṣe? Ewé ti wà lórí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́. Mo dìde, mo na apá agbádá méjèèjì kí n lè kí àwọn èèyàn mi, atẹ́gùn ọ̀sà sì kó sí i.

"Ẹ sún fún un," ni Habeeb wí nínú ẹ̀rọ. "Ó fẹ́ fò."