Ohùn Bàbá Nínú Ẹ̀rọ Tó Ń Gbóná

Bí mo bá tilẹ̀ darúgbó débi tí n óò gbàgbé orúkọ ara mi, ọjọ́ kan wà ní Odigbo tí kò ní kúrò lọ́kàn mi. Èmi tí mo máa ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wí pé wọn kì í wo nǹkan fínnífínní, ojú tì mí lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí mo ń ṣe ìwádìí lórí ẹ̀ka-èdè Ìkálẹ̀, mo gba ohùn àgbàlagbà àgbẹ̀ kan sílẹ̀ sórí sídíì kan ṣoṣo. Nígbà tó yá, bàbá náà kú. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Fúnkẹ́, ránṣẹ́ sí mi pé òun fẹ́ gbọ́ ohùn ọkọ òun lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká mi àtijọ́, èyí tó ṣì ní ojú ihò tí ń ka sídíì, mo wọ ọkọ̀ dé Ore, mo sì gun ọ̀kadà wọ Odigbo.

Ìyá Fúnkẹ́ kò gbà kí n gbé ẹ̀rọ náà sórí tábìlì lásán. Ó ní ohùn ọkọ òun kò ní jókòó sórí pákó bí ìgò ọtí. Ó ká búláńkẹ́ẹ̀tì tí bàbá fi ń bora sí mẹ́rin, ó tẹ́ ẹ, ó ní kí n gbé ẹ̀rọ náà lé e. Mo yìn ín gidigidi.

Sídíì yí díẹ̀, bàbá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ dákẹ́. Mo fa sídíì jáde. Ó gbóná bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú epo. N kò sì ní ẹ̀dà mìíràn. Bí ooru bá ba èyí jẹ́, a tún sin bàbá lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn.

Mo ní ìdọ̀tí ni. Mo gbé ẹ̀rọ náà lọ sórí pèpéle sìmẹ́ńtì níta, mo nu gíláàsì kékeré inú rẹ̀ tó ń ka sídíì, mo fi sídíì orin ìsìn dán an wò: ó kọrin, ó tutù. Mo gbé e padà sórí búláńkẹ́ẹ̀tì; ó gbóná, ó dákẹ́. Mo ní iná jẹnẹrétọ̀ ni. Mo yọ wáyà, mo lo bátìrì. Síbẹ̀, níta ó ń tutù, nínú ilé ó ń gbóná. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí yàrá náà fúnra rẹ̀. Mo ní bóyá ẹ̀rọ ń gbọ̀n ni, mo sì bẹ Ìyá Fúnkẹ́ kó ká búláńkẹ́ẹ̀tì sí mẹ́jọ. Ẹ má ṣe bi mí léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ìyá Fúnkẹ́ ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ̀rọ náà, ó ń wò mí bí ẹni ń wo dókítà tí kò mọ àrùn. Ó rọra ní, "Olùkọ́ mi, àbí bàbá ò fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ ni?"

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bi í bóyá wọ́n jà kí bàbá tó kú.

Ibẹ̀ ni Ìdòwú, àgbẹ̀ tó wá láti ìlú mìíràn tó ń dáko lórí ilẹ̀ wọn, bá wa. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò wá títí.

"Ọ̀gá, ẹ dákun, ibo ni ooru rẹ̀ ń gbà jáde?"

"Abẹ́ rẹ̀."

"Abẹ́ tí ẹ dí pa yìí? Bí a bá fẹ́ kí kòkó tútù gbóná kó lè kan, ṣebí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ la fi ń bò ó mọ́lẹ̀? Àbí ẹ fẹ́ kí bàbá kan ni?"

Ìyá Fúnkẹ́ wò mí. Mo wo ilẹ̀.

A gbé ẹ̀rọ náà sórí tábìlì, a dúró kó tutù. Ìyá Fúnkẹ́ gbé búláńkẹ́ẹ̀tì lé itan ara rẹ̀. Sídíì yí, ohùn bàbá sì jáde ketekete, ní Ìkálẹ̀ pọ́ńbélé: ó ń bá ìyàwó rẹ̀ wí pé àlejò ti jókòó láti àárọ̀, kò tíì fún un lómi.

Ìyá Fúnkẹ́ dìde. Ó ti dé ìdí àmù, ó ti bu omi sínú ife, kó tó rántí. Ó dúró síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́. Lẹ́yìn náà ó gbé omi ọ̀hún fún mi, ó ní ọkọ òun ní kí òun fún mi.

Mo mu ún tán, pẹ̀lú ìtìjú. Láti ọjọ́ náà, bí nǹkan bá ń gbóná, mo máa ń kọ́kọ́ wo ohun tí èmi fúnra mi tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, kí n tó dá ẹ̀rọ lẹ́bi. Bí mo bá sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ báyìí pé kí wọ́n máa wo nǹkan fínnífínní, ẹ̀rín a máa pa mí, n kì í sì í sọ ìdí rẹ̀ fún wọn.