Kíjìpá Màmá Tí Mo Sọ Di Àwòrán

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí màá fi darúgbó. Bí mo bá rántí rẹ̀ láàárín èrò, ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Ó ti lé lọ́dún méjì báyìí, síbẹ̀ ìtìjú rẹ̀ ṣì ń mú mi bí ẹni pé àná ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín. Bí ẹ bá bá mi rẹ́rìn-ín sí i, ó lè fúyẹ́ díẹ̀.

Ayàwòrán ni mí, ṣùgbọ́n n kì í ṣe irú èyí tó máa ya ọba tàbí màlúù kí ẹ sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Tèmi ni irú àwòrán tí ẹ máa wò, tí ẹ máa yí orí sọ́tùn-ún, tí ẹ máa yí i sósì, tí ẹ ó wá béèrè pé kí lèyí. Inú mi sì máa ń dùn bí ẹ bá béèrè, torí mo ní èsì kan tí mo ti há sórí: ẹ má béèrè ohun tó jẹ́, ẹ ṣáà jẹ́ kó bá yín sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni mo ti fi èsì yẹn lé lọ.

Ọ̀dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi ni mò ń gbé ní Ìlútítun. Màmá là ń pè é. Lẹ́yìnkùlé rẹ̀, ilé kékeré kan wà tó ti ń ṣe púpurú nígbà tó ṣì lágbára. Ibẹ̀ ló ti máa ń ṣù ẹ̀gẹ́ roboto, tó máa ń tò wọ́n sórí àjà, tí yóò sì dáná sábẹ́ wọn títí ẹ̀yìn wọn á fi dúdú. Nígbà tí apá rẹ̀ ò ká a mọ́ ló yọ̀ǹda ilé náà fún mi, mo sì sọ ọ́ di ilé iṣẹ́. Èédú ṣì máa ń já bọ́ láti òkè sórí àwòrán mi tí kò tíì gbẹ. N kì í nù ún. Mo máa ń sọ fáwọn èèyàn pé ilé náà ń bá mi kùn ún ni. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ mi ti wọ́ díẹ̀ látilẹ̀.

Bí mo ṣe máa ń ṣiṣẹ́ nìyí. N kì í fi pẹ́ńsù sàmì sílẹ̀, n kì í sì í mọ ohun tí mo fẹ́ kùn kí n tó bẹ̀rẹ̀. Màá dúró níwájú aṣọ tí mo fẹ́ yàwòrán sí, màá di ojú, màá mí kanlẹ̀, màá sì dúró títí nǹkan kan á fi sọ nínú mi pé: pupa. Màá mú pupa. Bó bá ní kí n dà á, màá dà á. Bó bá ní kí n fi ìka fà á, màá fi ìka fà á. Nígbà tí nǹkan náà bá ti dé, ẹ lè máa pè mí, mi ò ní gbọ́. Màmá á wá sẹ́nu ọ̀nà, á ní oúnjẹ ti délẹ̀, màá ní, “Ẹ ṣé, mà,” láìwẹ̀yìn, ọbẹ̀ á sì tutù síbẹ̀. Á tún wá sọ nǹkan mìíràn, màá tún ní, “Ẹ ṣé, mà.” Lọ́jọ́ kan ó jókòó tì mí, ó bi mí pé kí ni mo máa ń rò bí mo bá ń ṣe é. Mo fi ìgbéraga dá a lóhùn pé n kì í ro nǹkan kan rárá. Ó mirí, ó ní òun náà ti ń fura.

Nígbà tó yá, obìnrin kan tó jẹ́ Dókítà nínú ìwé, tó ń kọ́ni ní yunifásítì ní Òkìtìpupa, gbọ́ nípa mi. Ó fẹ́ ṣe ìpàtẹ àwòrán, ó sì ní òun á wá wo iṣẹ́ mi ní Sátidé, pé kí n jọ̀ọ́ kí n wá ọ̀kan tó tóbi dáadáa mọ́ ọn, èyí tí òun lè gbé kọ́ sí ojú gbọ̀ngàn. Ọdún márùn-ún ni mo ti ń kun nǹkan nígbà náà, kò sẹ́ni tó tíì gbé ẹyọ kan kọ́ sí gbangba rí. Inú mi dùn débi pé mo lo gbogbo aṣọ kánfáàsì tí mo ní láti Mọ́ńdè sí Tọ́sídè, kò sì sí èyí tó tóbi nínú wọn.

Ọ̀sán Fúráìdè ni nǹkan náà wá dé sí mi lára. Pupa ń pè mí, dúdú ń pè mí, kò sì sí aṣọ. Màmá ti gun ọ̀kadà lọ sí Ìjù-Odò lọ kí àbúrò rẹ̀ tí ara rẹ̀ ò yá. Mo wọ inú ilé, mò ń wá aṣọ kiri. Mo wo aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì, kò tóbi tó. Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá, mo fa àpótí páànù kan jáde, mo ṣí i, mo sì bá kíjìpá funfun kan níbẹ̀, aṣọ òfì tó ki, tó gùn, tí wọ́n ká dáadáa. Inú mi ní: mú un. Inú mi ò béèrè ẹni tó ni ín. Mo ní aṣọ àtijọ́ kan tí Màmá ti gbàgbé ni. Òórùn káńfọ̀ tí wọ́n fi ń lé kòkòrò aṣọ tó bù mí nímú ì bá ti sọ fún mi pé kò sẹ́ni tó ń fi káńfọ̀ sí ohun tó ti gbàgbé.

Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé púpurú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ̀dà. Mi ò lè parọ́ fún yín, ó dùn. Kíjìpá náà ń mu ọ̀dà bí ẹni tí òùngbẹ ti ń gbẹ. Mo bọ́ bàtà, mò ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ibi tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni àgbébọ̀ adìyẹ Màmá ti wọlé, ó rìn gba àárín pupa kọjá. Mo gbé ọwọ́ láti lé e, inú mi ní: fi sílẹ̀. Mo fi sílẹ̀. Adìyẹ náà jáde, ó gba yàrá àlejò lọ, ó sì gun àga onítìmùtìmù tí Màmá ò jẹ́ kí ọmọ kékeré jókòó lé. Ìṣẹ́jú mélòó kan ni mo fi fọ àga náà, àmì ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ dòní. Mo kà á sí pé ìyẹn ni ìyà tí mo máa jẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo sì padà sẹ́nu iṣẹ́ mi.

Ní igun kan aṣọ náà, mo rí òwú aláró díẹ̀ tí wọ́n hun mọ́ ọn. Ọ̀dà ti bo apá kan rẹ̀. Ó bá pupa náà mu, nítorí náà mo kun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yí ká, mo jẹ́ kó máa yọjú. Nígbà tó gbẹ díẹ̀, mo so ó rọ̀ sára àjà.

Màmá dé ní ìrọ̀lẹ́, ó rẹ̀ ẹ́, kò dé ẹ̀yìnkùlé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, takisí já Dókítà sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Màmá, Màmá sì ní òun náà ń bọ̀ wá wo ohun tó gbé èèyàn wá láti Òkìtìpupa nítorí mi. Inú mi dùn. Èmi fúnra mi ni mo gbé àga fún Màmá. Mo gbé e síwájú àwòrán náà gan-an, kó lè rí i dáadáa.

Dókítà wo àwòrán ńlá náà. Ó súnmọ́ ọn, ó fà sẹ́yìn. Ó tọ́ka sí ẹsẹ̀ adìyẹ, ó béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Èmi tí mo ní kí ẹnikẹ́ni má béèrè, ẹnu mi yá lọ́jọ́ náà. Mo ní ipasẹ̀ àwọn tó ti lọ ṣáájú wa ni. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ó wá tọ́ka sí òwú aláró tó wà ní igun òkè, ó ní ìyẹn ńkọ́. Mo mí kanlẹ̀. Mo ní, “Odò ni, mà. Odò tó ń gbé wa lọ síbi tí a ò mọ̀. Ẹ wo bí omi rẹ̀ ṣe ń ru.”

Màmá dìde lórí àga. Ó lọ síbi aṣọ náà, ó fọwọ́ pa igun yẹn, ó dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀.

Ó ní, “Orúkọ mi ni.”

Dókítà rò pé ara àlàyé ni, ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Màmá yíjú sí mi. “Orúkọ mi nìyẹn. O so mí rọ̀, o tún dorí mi kodò.”

Bínú bá ń bí Màmá, èdè Ìkálẹ̀ wa pọ́ńbélé ló máa ń dà lé mi lórí. Lọ́jọ́ náà, jẹ́jẹ́ ló sọ̀rọ̀, Yorùbá tí wọ́n fi ń wàásù ní ṣọ́ọ̀ṣì ló sì sọ, kí àlejò lè gbọ́. Ìyẹn gan-an ló pa mí. Ó ṣàlàyé fún Dókítà pé nígbà tí òun àti ọkọ òun ṣe ìgbéyàwó, ọkọ òun ní kí obìnrin kan hun kíjìpá méjì fún àwọn, pé nígbà tí ọjọ́ bá pé, kí wọ́n fi wé òkú oníkálukú. Orúkọ ìrìbọmi Màmá ni Kọ́mfọ́ọ̀tì. Ibi tí ahunṣọ náà ti kọ K, O, M ni òwú aláró tán. Ọkọ rẹ̀ ní kò burú, pé àwọn á parí èyí tó kù lọ́run. Aṣọ tirẹ̀ ti bá a lọ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Èyí tó kù nìyí, tí mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tí adìyẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀.

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Mo fẹ́ sọ pé mi ò mọ̀. Màmá ò jẹ́ kí n sọ ọ́ délẹ̀. Ó ní, “Mo sọ fún ẹ. Ẹnu ọ̀nà yìí ni mo jókòó sí. Mo ní ìwọ lo wà lọ́dọ̀ mi, ìwọ lo máa mú un jáde fún wọn. O ní, ‘Ẹ ṣé, mà.’”

Mo rántí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ náà ni mo rántí o, nítorí mi ò gbọ́ ọ rárá. Àwọ̀ ewé tí mò ń kùn lọ́jọ́ náà ni mo rántí, àti pé ó pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà kó tó dìde. Obìnrin kan jókòó, ó ń sọ bí òun ṣe fẹ́ kí wọ́n sin òun, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fún ní omi. Ojú tì mí débi pé etí mi gbóná.

Dókítà pa ìwé rẹ̀ dé. Ó mú méjì nínú àwọn àwòrán kéékèèké, ó ní òun á rí àyè fún wọn níbì kan, ó wá sọ fún mi ní ohùn kékeré pé kí n bẹ Màmá ná. Bí takisí ṣe ń lọ ni mo tú aṣọ náà sílẹ̀, mo gbé e sínú báàfù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́. Irú ọ̀dà yẹn, bó bá ti gbẹ, ó ti délé. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kò kúrò. Mo fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ibi tó ṣẹ́ kù ní funfun wá dà bí ẹ̀yìn púpurú. Òórùn káńfọ̀ lọ, ti kẹrosíìnì jókòó. Aládùúgbò wa kan ń kọjá, ó bi mí pé aṣọ ta ni mò ń fọ̀. Mo ní aṣọ ni. Ó ní òun rí i pé aṣọ ni. Mo tẹjú mọ́ báàfù títí ó fi lọ.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún Màmá nínú ìhó ọṣẹ. Mo ní màá lọ wá irú rẹ̀. Ó bi mí pé lọ́dọ̀ ta ni, ṣé lọ́dọ̀ ahunṣọ tó ti kú ni àbí lọ́dọ̀ ọkọ òun tó ní kí wọ́n hun ún. Lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó ń gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún mi, kò kàn wá sẹ́nu ọ̀nà mọ́ láti sọ pé ó ti délẹ̀. Mo jókòó sínú ilé púpurú, mò ń tẹ́tí, kò sẹ́ni tó pè mí.

Ní ọjọ́ kẹrin ló wá bá mi nídìí báàfù. Ó ní kí n yéé fọ̀ ọ́, kí n sá a, kí n ká a, kí n dá a padà sínú àpótí.

Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wá òmíràn.”

Ó ní, “Òun náà lo máa fi wé mi. Bí mo bá dé ọ̀hún tí ọkọ mi bi mí pé kí lèyí, màá ní ọmọ wa ló ṣe é, ó ní ká má béèrè.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀, ẹkún sì tẹ̀ lé e. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Ó sọ ọ́ tọkàntọkàn.

Mo ṣì máa ń di ojú kí n tó kun nǹkan, mo ṣì máa ń dúró de ohùn tó wà nínú mi. Ṣùgbọ́n mo ti kọ́ ọgbọ́n pé ohùn yẹn kì í mọ ohun tó jẹ́ ti ẹlòmíràn, pé ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ló mọ̀ ọ́n. Bí Màmá bá pè mí báyìí, màá gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, màá yíjú sí i, màá ní kó tún un sọ. Ó máa ń ní kí n má wo òun bẹ́ẹ̀ yẹn, pé ọbẹ̀ lásán ni òun wá sọ.

Bí ọyẹ́ bá ti dé, ó máa ń ní kí n mú kíjìpá náà jáde kí n sá a sórí okùn kó lè gba atẹ́gùn. Àwọn ọlọ́kadà a máa dẹ ìrìn láti wò ó. Màmá á wá dúró tì mí, á ní ṣé mo ti mọ ohun tó jẹ́, nítorí kò dáa kí òun lọ bá ọkọ òun láìní àlàyé. Màá ní rárá, Màmá, mi ò tíì mọ̀ ọ́n. Á ní kò burú, òun ò tíì ṣe tán láti lọ nígbà náà, òun á dúró dè mí.

Ni mo bá ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ìtìjú, mò ń ká aṣọ. Látìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni ìtumọ̀ àwòrán yẹn, mo máa ń sọ pé mi ò mọ̀, mi ò sì kánjú láti mọ̀.