Àdúrà Kékeré Lórí Kọfí Gbígbóná

Ẹjọ́ kan wọ ààfin lọ́sàn-án àná, ẹ má sì bi mí pé ààfin wo ló wà ní Hamburg. Yàrá ìgbàlejò Olóyè Ògúnbọ̀dé ni, àjà kẹrin, ní Wilhelmsburg. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, Olóyè ń wa ọkọ̀ tó ń gbé kọ̀nténà ní èbúté. Tó bá di òpin ọ̀sẹ̀, ó di Baálẹ̀ gbogbo Yorùbá ìlú yìí, àga aláwọ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé sì di ìtẹ́. Bàtà ìgbìmọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, àtàǹpàkò wọn sì ń yọjú nínú ìbọ̀sẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni àná. Ní ilẹ̀ yìí, ariwo kò gbọdọ̀ ti inú ilé jáde lọ́jọ́ Àìkú, ìyá àgbà tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa sì ti kọ lẹ́tà méjì sí Hausverwaltung, àwọn alábòójútó ilé, nítorí àwọn ẹjọ́ wa. Látìgbà náà, ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ la fi ń rojọ́. Ẹni tí kò bá tíì rí Yorùbá tó ń bínú láìgbóhùn sókè, kó wá wò wá. Èmi ni akọ̀wé.

Motúnráyọ̀ ló pẹjọ́. Nọ́ọ̀sì ni ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ṣùgbọ́n ní Sátidé tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, òun ni olórí Ẹgbẹ́ Atọ́kọfíwò, tó dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú yàrá ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Tí ẹ ò bá tíì débẹ̀ rí, ẹ fi sùúrù gbọ́. Ogún ènìyàn yóò dúró yí tábìlì ká, wọn yóò ti imú bọ inú ife kọfí lílọ̀, wọn yóò dijú. Wọn yóò bu omi gbígbóná sí i. Wọn yóò fi ṣíbí fà á ṣùrùrù bí ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé, wọn yóò tu ú dànù, ẹnì kan yóò sì ní òun gbọ́ òórùn àgbálùmọ̀. Gbogbo wọn yóò mirí. Èmi náà lọ lẹ́ẹ̀kan. Òórùn kọfí ni mo gbọ́.

Alàgbà Fẹ̀sọ̀jayé ni olùjẹ́jọ́. Aládùúrà paraku ni, ó ti lo ọgbọ̀n ọdún ní Hamburg, kò sì tíì fi ìkánjú ṣe ohunkóhun rí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Miriam, tí wọ́n bí síbí, wà nínú ẹgbẹ́ Motúnráyọ̀; òun ló mú bàbá rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ó jókòó láàárín olùpẹ̀jọ́ àti olùjẹ́jọ́, ó ń wo fóònù rẹ̀.

Motúnráyọ̀ kúnlẹ̀, ó gbé fláàsì kan kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ó sì bu ife kan fún Baálẹ̀. Baálẹ̀ wá ṣúgà yíká, kò rí i, ó gbé ife náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kí Baálẹ̀ pẹ́. Kọfí òkè Mambila nìyí, èmi ni mo yan án. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe wá."

Ó ní ọ̀gbẹ́ni kan wà tí ń jẹ́ Lukas, ará Moabit ní Berlin, tó ń yan kọfí tà. Lukas ní yàrá kan tó ṣófo ní Altona nínú ìlú yìí, lẹ́bàá ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ó sì fẹ́ fi í fún ẹgbẹ́ kan ṣoṣo tí yóò máa tọ́ kọfí wò níbẹ̀ lóṣooṣù. Ní ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn Motúnráyọ̀ wà yìí, tí akọrin bá ti dé ní aago mẹ́rin, ṣe ni wọ́n ń ru ife sá. Ní Altona, wọn yóò ní ilẹ̀kùn tiwọn. Lukas wọkọ̀ láti Berlin wá wò wọ́n ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

"Baálẹ̀, tí a bá bu omi sí kọfí, ìṣẹ́jú mẹ́rin la fi ń dúró, kí á tó fi ṣíbí fọ́ èèpá tó léfòó sórí rẹ̀. Kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Mo wò ó pé ìṣẹ́jú mẹ́rin náà ṣófo, àgbà sì wà láàárín wa. Mo ní, 'Bàbá, ẹ bá wa gba àdúrà kékeré.'"

"Ó gbà á?"

"Ó gbà á fún ìṣẹ́jú méjìdínlógójì."

Ìgbìmọ̀ mí kanlẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́.

Baálẹ̀ bi í pé kí ló dé tí kò dá a dúró. Motúnráyọ̀ ní ta ni í dá àgbà dúró lórí àdúrà? Òun wúkọ́. Òun ki "lórúkọ Jésù" bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, bóyá yóò fi parí, ṣùgbọ́n gbogbo àmín táwọn èèyàn ṣe tẹ̀ lé e ló ń dá kún agbára rẹ̀. Nígbà tí òun rọra mú ṣíbí, Alàgbà kò lajú, ó kàn ní kí ẹni tó ń fi irin dún fara balẹ̀.

"Ọkọ̀ Lukas kù díẹ̀ kó gbéra. Ife kan péré ló tọ́ wò, ó sì ti tutù. Ó ní 'interessant', ó lọ. Baálẹ̀, ọjọ́ yín ti pẹ́ nílẹ̀ yìí. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń rò tí wọ́n bá ní 'interessant'."

Gbogbo wa mọ̀ ọ́n. 'Ó dùn ún gbọ́' ni ẹnu wọn ń sọ, 'kò wù mí' ni ọkàn wọn ń wí.

Ó ní ohun méjì lòun ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí Alàgbà má fi ẹsẹ̀ tẹ ibi tí a ti ń tọ́ kọfí wò mọ́ láéláé, kí Baálẹ̀ sì kọ̀wé sí Lukas pé ọkùnrin náà kì í ṣe ara wa. Ó ní ọ̀la ni Lukas yóò pinnu.

Alàgbà dìde ní tirẹ̀. Ó kí Baálẹ̀, ó kí ìgbìmọ̀, ó kí ilé, ó kí àwọn tó kọ́ ilé. Baálẹ̀ ní a ti gbọ́ ìkíni.

"Wọ́n ní kí n gba àdúrà kékeré, sà. Kékeré ni mo gbà. Ńlá rẹ̀, ààwẹ̀ wà nínú rẹ̀."

"Ìṣẹ́jú méjìdínlógójì ni kékeré?"

"Mo fo Ábúráhámù, Baálẹ̀. Mo fo Ísákì. Ọ̀dọ̀ Jákọ́bù ni mo ti bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ ò rí i pé kọfí ń tutù?"

"Mo dijú. Wọn ò kọ́ wa pé ká máa fi ojú kan ṣọ́ ife. Ẹ tilẹ̀ bi wọ́n ní ohun tí mo bá níbẹ̀. Ogún ènìyàn tẹrí ba sórí ife, wọ́n dijú, wọ́n ń fa èéfín símú. Ọ̀kan ní òun rí òdòdó, ọ̀kan ní òun rí ọsàn. Kò sí òdòdó nínú yàrá yẹn, Baálẹ̀, kò sì sí ọsàn. Kí ni ẹ fẹ́ kí Aládùúrà ṣe? Ìṣẹ́jú méjìdínlógójì gan-an, mo rò pé ó kéré sí ohun tí mo rí."

Méjì nínú ìgbìmọ̀ gbà pẹ̀lú rẹ̀. Mo kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Adébọ̀wálé, tó ń wa bọ́ọ̀sì, búra pé àdúrà náà ju wákàtí kan lọ, pé ẹsẹ̀ òun kú, pé kọfí náà sì tutù bí omi odò Elbe nínú oṣù kìíní. Fàúsátù, tó ń dirun ní Altona, ní irọ́ ni. Ó ní àdúrà náà kò pẹ́, kọfí sì gbóná débi pé ó jó òun láhọ́n.

"Báwo ló ṣe jó ọ láhọ́n," Baálẹ̀ bi í, "nígbà tí àdúrà ń lọ lọ́wọ́?"

"Mùsùlùmí ni mí, sà. Mi ò kì í dijú sí àdúrà wọn. Bí wọ́n ṣe dijú ni mo mu ife kìíní. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ Jósẹ́fù, mo ti mu ẹ̀kẹta tán."

"Wọ́n ní ẹ kì í gbé e mì. Wọ́n ní ẹ máa ń tu ú dànù ni."

"Níwájú bàbá àgbàlagbà tó ń gbàdúrà? Ibo ni mo fẹ́ tu ú sí?"

Motúnráyọ̀ yíjú sí i. Ife mẹ́ta ni wọ́n bá ní òfìfo lórí tábìlì lọ́jọ́ náà, ó sì ti tó ọjọ́ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń fura sí Lukas pé òun ló mu wọ́n. Ẹlẹ́rìí kan ní kọfí tutù, èkejì ní ó jó òun, kò sì sí èyí tó parọ́ nínú wọn. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ a máa fọ́ akọ̀wé lórí.

Baálẹ̀ wá rẹ ohùn sílẹ̀ ju bí òfin ilé ṣe sọ lọ. "Alàgbà, ẹ fi ti òdòdó àti ọsàn sílẹ̀. Kí ló ṣe yín gan-an?"

Bàbá náà jókòó. Ó ní wọ́n ti gbé aago kan kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì àwọn, onínọ́ńbà pupa, èyí tó ń kà sẹ́yìn títí àkókò ẹni tó ń gbàdúrà yóò fi tán. Láti ọjọ́ náà, àwọn ọ̀dọ́ ló ń di máìkì mú.

"Ó di ọdún méjì, Baálẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ti ní kí n gbàdúrà níwájú ènìyàn. Nígbà tí ọmọ yìí wá ní, 'Bàbá, ẹ bá wa gbàdúrà,' gbogbo èyí tí mi ò rí gbà láti ọdún méjì ló rọ́ jáde. Mo fẹ́ dúró. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró mọ́."

Mo gbé bírò sílẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, bẹ́ẹ̀ àánú kò pọ̀ lára mi. Motúnráyọ̀ ń wo ilẹ̀.

Ibẹ̀ la wà tí fóònù Miriam, tó ń bá Lukas sọ̀rọ̀ fún ẹgbẹ́, fi dún. Lukas ni. Baálẹ̀ pàṣẹ kó gbé e síta kí gbogbo wa gbọ́, kó sì máa túmọ̀ rẹ̀ fún ìgbìmọ̀. Lukas sọ̀rọ̀ títí. Miriam ń gbọ́, ojú rẹ̀ sì ń yí padà.

"Ó kí yín, sà. Er hat sich entschieden... ó ti pinnu. Ó ní kọfí tí kò dára, tó bá tutù ni àṣírí rẹ̀ máa ń tú. Ó ní tiwa tutù, ó wá dùn sí i. Àmọ́ ó ní kì í ṣe ìyẹn ló wu òun jù. Ó ní... ó ní àgbẹ̀ yẹn ni."

"Àgbẹ̀ wo?"

Miriam wo bàbá rẹ̀. "Ó ní ní Berlin, wọ́n máa ń sọ ìtàn oko tí kọfí ti wá kí wọ́n tó tọ́ ọ wò. Inú ìwé ni wọ́n ti ń kà á. Ó ní àgbẹ̀ àgbà tí a mú wá láti òkè Mambila sọ ìtàn oko rẹ̀ tomijé-tomijé fún bí ogójì ìṣẹ́jú, gbogbo èèyàn ń dá a lóhùn, ẹnì kankan ò wo fóònù. Ó ní òun ò rí irú rẹ̀ rí. Yàrá Altona ti di tiwa. Àmọ́ àgbẹ̀ náà gbọ́dọ̀ máa wá."

Ilé náà kò tíì dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Inú ìyá àgbà ìsàlẹ̀ ì bá dùn.

Baálẹ̀ ní kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Lukas, kó sì pa fóònù. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí olùjẹ́jọ́. "Alàgbà, ẹ ti dé Mambila rí?"

"Ṣágámù ni mo dé, sà. Ibẹ̀ ni mo ti wá wọ ọkọ̀ òfuurufú l'Ékòó."

Baálẹ̀ tún jókòó dáadáa sórí ìtẹ́. "Motúnráyọ̀, ìwọ ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ta ní ń gbé máìkì fún Aládùúrà láìdá àkókò fún un? O fi àdúrà dí àyè tó ṣófo, àyè náà sì gbé ọ mì. Alàgbà, ẹ̀yin náà jẹ̀bi. Pé ebi ti pa èèyàn fún ọdún méjì kò ní kó jẹ oúnjẹ gbogbo ilé. Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Ẹ ó ṣẹ̀wọ̀n oṣù méjìlá ní Altona. Lóṣooṣù, ẹ ó gbàdúrà níbẹ̀, láti ìgbà tí omi bá kan kọfí títí ṣíbí yóò fi kan èèpá. Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹ kò gbọdọ̀ dárin. Ẹ kò gbọdọ̀ dárúkọ Jákọ́bù. Ẹni tó gbin kọfí, ẹni tó ká a, òkè tó ti wá, àwọn ni ẹ ó máa gbàdúrà fún. Motúnráyọ̀ yóò kọ́ yín ní ìtàn wọn. Ohun tí òyìnbó yẹn rò pé òun gbọ́ yóò wá di òtítọ́. Miriam yóò sọ fún un pé bàbá òun kì í ṣe àgbẹ̀, lọ́jọ́ kejì tí kọ́kọ́rọ́ bá tẹ̀ wá lọ́wọ́. Tí ẹ bá gbàdúrà tán, ẹ ó tọ́ kọfí wò bíi tàwọn yòókù, láìsí ṣúgà, láìsí mílíìkì."

Alàgbà, tó ń fi ṣúgà márùn-ún sí ife kan, di àga mú. "Baálẹ̀, ẹ ṣàánú mi."

"Fàúsátù ni yóò máa ṣọ́ aago," ni Baálẹ̀ wí, "torí òun nìkan ni kì í dijú."

Ó ní kí wọ́n fi àdúrà ìparí dán ìdájọ́ náà wò lójú ẹsẹ̀. Fàúsátù yí fóònù rẹ̀ sí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Alàgbà dìde, ó dijú. Kò kí ilé. Ó gbàdúrà fún òkè Mambila tí kò dé rí, fún ọwọ́ tó ń ká kọfí, fún ọkọ̀ Lukas pé kó máa dé Berlin láyọ̀. Ó ní, "Àti ọmọ yìí, Motúnráyọ̀, tó ń gbé arúgbó ẹlòmíì dìde lójoojúmọ́, Olúwa, jọ̀wọ́..."

Fóònù dún. Bàbá náà pa ẹnu rẹ̀ dé sáàárín ọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó ṣe àmín, nítorí a kò mọ ohun tí a fẹ́ ṣe àmín sí.

Motúnráyọ̀ kò tíì lajú. "Ẹ parí tèmi, sà," ló wí.

Ó parí rẹ̀. Mi ò ní sọ iye ìṣẹ́jú tó gbà, Fàúsátù ti pa aago. Nígbà tí a ṣe àmín ìkẹyìn, kọfí ẹ̀rí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Baálẹ̀ ti di omi tútù. Baálẹ̀ gbé e mu, ó mirí díẹ̀, ó sì ní kí wọ́n bu òmíràn fún òun. Ó ní òun gbọ́ àgbálùmọ̀.